Ọkọ̀ Ọláyíwọlá Jókòó

Ní Àrán-Ọ̀rin, wọn kì í wo ojú ọkọ̀ kí wọ́n tó mọ irú ẹni tó ń bọ̀. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ọdún Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì bá ti ń palẹ̀ mọ́ láti wá sílé, àwọn àgbà a gbé bẹ́ńṣì lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu àbáwọlé ìlú, wọn a jókòó, wọn a máa retí. Ọkọ̀ tí ẹrù bá kún inú rẹ̀, ìdí rẹ̀ a wọlẹ̀, imú rẹ̀ a gbé sókè. Wọn a ní, "Ó jókòó." Ọkọ̀ tí kò bá gbé nǹkan kan, ìdí rẹ̀ a ga. Wọn a ní, "Ó dúró." Ìdájọ́ parí nìyẹn. Bí ẹni tó wa ọkọ̀ tó dúró bá fẹ́, kó bọ́ sílẹ̀ kó máa dọ̀bálẹ̀ kiri láti àárọ̀ di alẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá a gbé àpótí wọlé.

Adájọ́ àgbà ibẹ̀ ni Bàbá Salaudeen, ẹni tó fi ìgbà èwe rẹ̀ wa lọ́rì ẹlẹ́pà láti Kánò wá sí Èkó. Mùsùlùmí ni, Àjíǹde kò kàn án, ṣùgbọ́n kò pa ọdún kan jẹ rí lábẹ́ igi yẹn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń ríran. Yóò na ọwọ́ sáàárín táyà ẹ̀yìn àti irin tó bò ó lórí. Bí ọwọ́ bá rí àyè wọlé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bí ọwọ́ kò bá rí àyè, ọlá ti dé. Kò sí ilé ẹjọ́ tí èèyàn lè gbé e lọ lẹ́yìn ìdájọ́ ọwọ́ Bàbá Salaudeen.

Ọláyíwọlá, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, jẹ́ sítókípà ní iléeṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọlọ́rọ̀, bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn kò rọrùn fún sítókípà láti má jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Òun nìkan ló kù fún ìyá rẹ̀, Rúùtù, opó olùkọ́ ìjọ kan tó fi oko iṣu àti ẹ̀pà tọ́ ọmọ rẹ̀ títí ó fi kàwé tán. Màmá Rúùtù kò fẹ́ràn ariwo. Ohun méjì péré ló fẹ́ràn láyé: ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ohun kẹta kún un, ìyẹn ni ìdí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ọdún tí owó Údójì jáde, tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ Ọláyíwọlá kì í ṣe ti ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pariwo títí wọ́n fi fún àwọn náà ní tiwọn. Ó ra Píjó aláwọ̀ ewé. Nígbà tí Àjíǹde dé, ó kó ìrẹsì, pánla, mílíìkì alágolo, ṣúgà onígun àti sìmẹ́ńtì tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fi rẹ́ ilé, ó rọ gbogbo rẹ̀ sínú búùtù àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé garawa òróró láti Èkó títí dé ilé, nígbà tó sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì kọ̀ wọn ò nà. Láti Àjàṣẹ́ ni sàlẹ́ńsà ti ń ha ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ máńgòrò, Bàbá Salaudeen na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ọwọ́ kò wọlé. Ó kọjú sí àwọn èèyàn.

"Wàláhì," ó ní, "ó jókòó."

Ariwo sọ. Àwọn ọ̀dọ́ yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n kọrin tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, wọ́n sì bá a sọ ẹrù láìbẹ̀ wọ́n. Màmá Rúùtù jáde, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi nu eruku kúrò ní ìdí ọkọ̀. Eruku kún ojú ọmọ rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ráyè nu ìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni Ọláyíwọlá ti di èèyàn. Wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ṣe alága ìkórè, wọ́n sì ń béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìdí rẹ̀ tàbí orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàápàá kúrò níbi àga ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ sí iwájú.

Ṣùgbọ́n irin kò mọ ọlá. Nígbà tí ọkọ̀ náà ti jókòó ní Àjíǹde mélòó kan, ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dìde. Ní Èkó, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ wà nílẹ̀, táyà ń ha irin orí rẹ̀ nínú gbogbo kòtò. Bó bá tan iná ọkọ̀ lálẹ́, ojú fèrèsé àwọn tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni iná náà ń lọ, wọ́n sì ń bú u láti òkè. Ó gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Bùkárì, mẹkáníìkì ọmọ Ṣàrẹ́ kan ní Múṣín, tó máa ń fi èdè Núpé bú ọkọ̀ tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu kí ọkọ̀ náà má baà gbọ́. Bùkárì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó jáde.

"Ọ̀gá, sípíríìngì yìí ti kú," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé èyí tó nípọn sí i. Bẹ́ ẹ bá gbé erin sínú búùtù, kò ní mira."

Wọ́n gbé e sí i. Lóòótọ́ ni ìdí ọkọ̀ náà dìde, ó ga bí ìdí adìyẹ tó ń mumi. Inú Ọláyíwọlá dùn débi pé, Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, ẹrù tó kó kò ní àfiwé. Ó fi tẹlifíṣọ̀n kan kún un fún ìyá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná kò dé àdúgbò wọn. Gbogbo ọ̀nà ni ọkọ̀ fi ń sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Sàlẹ́ńsà kò ha ilẹ̀, táyà kò ké. Ó dé abẹ́ máńgòrò tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá Salaudeen na ọwọ́, ọwọ́ wọlé tòun ti agbádá rẹ̀.

"Ó dúró," ni Bàbá Salaudeen wí, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń tú ọ̀fọ̀.

"Bàbá, sípíríìngì tuntun ni," Ọláyíwọlá ké. "Ẹrù kún inú rẹ̀ fọ́fọ́!"

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

Àwọn èèyàn ti kọjú sọ́nà, ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ń wò. Ọkọ̀ náà sì ń bọ̀. Jòhánù ni, tíṣà kan ní Kàdúná, nínú Dátọ́sì kékeré tí kò ju ìsáná lọ. Àpò àlùbọ́sà méjì ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ kékeré sì máa ń tètè jókòó. Orin bẹ́ sílẹ̀, gbogbo ìlú tẹ̀ lé àlùbọ́sà lọ. Ọláyíwọlá nìkan ló wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ilé. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ìdí ọkọ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ọláyí," ó ní, "kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ó ṣí búùtù, ó fi hàn án, ó ń làágùn. Àwọn méjèèjì àti Àyìnkẹ́ ni wọ́n sọ ẹrù fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n wá pín ìrẹsì fún àwọn ará àdúgbò, àwọn yẹn gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ń bi ara wọn bóyá kì í ṣe Ọ̀mù-Àrán nítòsí ni ọmọkùnrin náà ti rà á kó tó wọlé. Òótọ́ ni pé wọ́n jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tó ti inú ọkọ̀ tó dúró jáde kì í yó èèyàn dáadáa.

Ó padà dé Èkó, ọ̀dọ̀ Bùkárì ló kọ́kọ́ lọ.

"Yọ ọ́ kúrò."

"Ọ̀gá, ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa jù. Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn."

Bùkárì ti ta sípíríìngì àtijọ́ náà fún ẹlòmíràn, kò sì fẹ́ kí oníbàárà òun lọ lọ́wọ́ òfo, ló bá bá a wá òmíràn tó ti gbó ju tàkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ tún jókòó. Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, Ọláyíwọlá padà sípò rẹ̀, ìyá rẹ̀ padà sí àga iwájú, Jòhánù padà sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àlùbọ́sà rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń ha ilẹ̀, tó ń mì jìgìjìgì ní gbogbo ọ̀nà, ta ló kàn?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ayé yí. Owó epo já wálẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kò wá sí Àpápá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Sójà padà gbàjọba. Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, iyọ̀, gbogbo rẹ̀ di ohun tí èèyàn ń tò fún láti ìdájí, tí sójà sì ń mú ẹgba lọ́wọ́ kí ìlà má baà wọ́. Iléeṣẹ́ Ọláyíwọlá dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró títí ó fi ku díẹ̀. Wọ́n fi òun sílẹ̀ kó máa ṣọ́ sítóò, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan nínú sítóò náà, wọ́n sì ń fún un ní ààbọ̀ owó oṣù, torí pé ẹni tó ń ṣọ́ òfo kò yẹ kó gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́.

Àjíǹde dé, kò lọ sílé. Ó ní ara òun kò yá. Àjíǹde kejì dé, ó ní iṣẹ́ pọ̀ fún òun. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò ní ohun tó lè mú ọkọ̀ jókòó. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n bó bá ti rántí ọwọ́ Bàbá Salaudeen, ẹsẹ̀ rẹ̀ a kọ̀.

Nígbà tí Àjíǹde kẹta kù fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ́, Abdulrasaq, awakọ̀ ọmọ ìlú wọn kan tó ń ná Èkó, wá jíṣẹ́ fún un. Ìjọ fẹ́ fi ẹnì kan jẹ oyè Ìyá Ìjọ lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Obìnrin méjì ni ojú wà lára wọn, Màmá Rúùtù àti ìyá Jòhánù. Pásítọ̀ ní àwọn ń gbàdúrà sí i kí Ọlọ́run fi èyí tí òun yàn hàn. Gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé abẹ́ igi máńgòrò ni ìdáhùn àdúrà náà máa gbà wọlé.

"Ìyá yín ní kẹ́ ẹ wá o," Abdulrasaq wí. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ sáà wá."

Ọláyíwọlá kò sùn dáadáa mọ́. Ìyá tó fi ọkọ́ tọ́ ọ, oyè kan ṣoṣo tí yóò jẹ láyé ló dé yìí, ìdí ọkọ̀ òun ló sì máa sọ bóyá yóò jẹ ẹ́. Àyìnkẹ́ gbìyànjú láti yí ọkọ rẹ̀ lọ́kàn padà.

"Bàbá Rhoda, ẹ jẹ́ ká wọ mọ́tò lọ, ká gbé búrẹ́dì méjì dání."

"Búrẹ́dì kì í mú ọkọ̀ jókòó."

Ní ọjọ́bọ̀, ó kó àwọn òfìfo àpò ìrẹsì ayé àtijọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wa ọkọ̀ lọ sétí òkun, ó sì kó iyanrìn kún wọn. Nínú gbogbo ohun tó wà ní Nàìjíríà lọ́dún náà, iyanrìn nìkan ni èèyàn kò tíì máa tò fún. Ó rán ẹnu àwọn àpò náà dáadáa, ó tò wọ́n sí búùtù, ó tún tò wọ́n sí ẹ̀yìn ìjókòó, ó fi aṣọ bò wọ́n. Ìdí ọkọ̀ lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀ sí i. Àyìnkẹ́ wo ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun kò bá iyanrìn wọ ọkọ̀ pọ̀, ó sì wọlé.

Bí ó ṣe ku díẹ̀ kó dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn sójà dá a dúró. Nígbà yẹn, ẹni tó bá kó ọjà pamọ́, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ sì wọlẹ̀ báyẹn, ojú ọ̀daràn ni wọ́n fi ń wò ó.

"Kí ló wà nínú àpò?"

"Iyanrìn ni, sà."

"Mo ní kí ló wà nínú àpò!"

Wọ́n tú àpò kan, wọ́n ki igi bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, wọ́n wá dọ́là, wọ́n wá mílíìkì. Iyanrìn ni. Wọ́n tú òmíràn, iyanrìn náà ni. Ọ̀gá wọn, Yorùbá bíi tirẹ̀, wò ó lójú.

"Ṣé kò sí iyanrìn nílé yín ni?"

"Ó wà, sà."

"Ó wà. Ẹ sì ń gbé e lọ láti Èkó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Sójà náà yọ àkàrà méjì nínú bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ẹ jẹun. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹbí yín ṣàdúrà fún yín." Bóyá Ọláyíwọlá nìkan ni ẹni tó bá sójà pàdé lọ́nà lọ́dún náà tí ẹrù rẹ̀ fi lé sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló dé abẹ́ máńgòrò. Imú ọkọ̀ rẹ̀ ń wo ọ̀run, ìdí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ tuurutu. Bàbá Salaudeen dìde, ó na ọwọ́, ọwọ́ kò wọlé. Ó gbìyànjú ìka kan, ìka kò wọlé. Ó fi ọwọ́ lé orí.

"Ẹ̀yin èèyàn, èyí kò jókòó o. Ó dùbúlẹ̀!"

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé Arandun. Nínú ọdún tí odindi ilé ń fi ṣúgà onígun kan mu ògì, ọmọ Rúùtù gbé ọkọ̀ tó dùbúlẹ̀ wá! Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ sọ ẹrù, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ọjọ́ Ajé lòun gbé e wá fún. Ọ̀rọ̀ náà ni ìlú gbé sáré kiri. Ní ti Jòhánù, òun nìkan ló wá nínú Dátọ́sì rẹ̀, kò sí ẹrù, ọkọ̀ náà dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọlọ́run ti dáhùn àdúrà pásítọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kéde Màmá Rúùtù, wọ́n sì fi kún un pé ọmọ wọn yóò bọ́ gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ajé.

Màmá Rúùtù kò bi í léèrè nǹkan kan nípa ẹrù. Ó gún iyán fún un, ó jókòó tì í, ó ń wo ojú rẹ̀.

"O ti rù," ó ní.

Ọláyíwọlá ya ẹnu láti sọ ọ́ fún un, ó tún pa á dé. Ó ń wo ìdùnnú tó wà lójú ìyá rẹ̀, ojú sì ń tì í. Irọ́ tó fẹ́ pa lọ́jọ́ Ajé kò tíì pé lọ́kàn rẹ̀. Ó rò pé òun á ní kọ́kọ́rọ́ búùtù sọnù. Ó rò pé òun á ní ẹrù náà ti bàjẹ́ lọ́nà. Ohun tó rò lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣeé sọ.

Ọjọ́ Ajé pé. Wọ́n ní kó gbé ọkọ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí gbogbo ayé lè rí sísọ ẹrù náà. Àwọn obìnrin ti dáná, omi ti ń hó nínú ìkòkò ńláńlá mẹ́ta, ìrẹsì ni wọ́n ń retí. Màmá Rúùtù wọ aṣọ funfun, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásítọ̀. Ọláyíwọlá ń tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ wò, ó ní òun ń wá kọ́kọ́rọ́, ó tú u, ó tún un tú. Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn jù, wọn kò lè dúró. Wọ́n gun orí búùtù, wọ́n ń jó lórí rẹ̀, wọ́n ń kọrin pé Ọlọ́run Rúùtù kò sùn.

Ibẹ̀ ni sípíríìngì ti sọ̀rọ̀. Ó dún gbàù, ìdí ọkọ̀ lulẹ̀ pátápátá, àwọn ọ̀dọ́ já bọ́, búùtù ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àpò kan ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun funfun kan sì ń ṣàn jáde nínú rẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ pásítọ̀.

Ràfátù, aládùúgbò Màmá Rúùtù tó wá bá wọn dáná, bẹ̀rẹ̀, ó mú díẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

"Iyọ̀ ni!" ó ké. "Ẹ gbà mí o, iyọ̀ ni!"

Iyanrìn etí òkun ni, iyọ̀ díẹ̀ kò lè ṣàìsí nínú rẹ̀, ẹni tí kò tíì rí iyọ̀ rà láti oṣù tó kọjá kì í sì í dúró wádìí. Gbogbo ìjọ ya bò ó. Wọ́n tẹ́ gèlè, wọ́n tẹ́ fìlà, àwọn akọrin fi aṣọ oyè wọn bù ú. Alàgbà kan tó ti ń wàásù ìwọ̀ra láti àárọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ ti opó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnìkan ti sáré lọ da ẹ̀kún ọwọ́ kan sínú ọbẹ̀. Bàbá Salaudeen, tí wọ́n mú wá kó wá wo ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka, ó fi ìka ra á.

"Iyanrìn ni," ó ní.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kò dìde, àwọn tó dúró kò mira. Gbogbo wọn wà níbẹ̀ bí àwọn ère òkúta Èsìẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú iyanrìn nínú aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ wúkọ́, ó ní ó dà bí ẹni pé àwọn gbọ́dọ̀ tún àdúrà náà gbà. Wọ́n tún un gbà lójú ẹsẹ̀, kò sì pẹ́. Wọ́n fi ìyá Jòhánù jẹ oyè náà. Wọ́n ní òótọ́ ni pé ọkọ̀ ọmọ tirẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n òfìfo rẹ̀ kò purọ́.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti tú ká, Màmá Rúùtù wá bá ọmọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó tì í.

"Ta ló ní kó o gbé iyanrìn wá?"

"Kò sẹ́ni tó ní bẹ́ẹ̀, Màámi. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ dúró ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba oyè yín fún ẹlòmíràn."

"Àwọn Àjíǹde tó ò wá ńkọ́?"

"Mi ò ní nǹkan tí mo máa gbé wá."

Màmá Rúùtù mi orí.

"Mo rán Abdulrasaq sí ọ pé kó o sáà wá. Ṣé kò jẹ́ṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá gbọ́?"

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Kì í ṣe nítorí oyè, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀bi mi wà ńbẹ̀, ọmọ mi. Ọdún tí ọkọ̀ rẹ dúró, mi ò kí ọ káàbọ̀. O rin ọ̀nà jíjìn dé, mo ń bi ọ́ ní ohun tí mo fi ṣe ọ́. Ó dùn mí títí di òní." Ó fi etí aṣọ funfun náà nu ojú rẹ̀, ó sì di ọwọ́ Ọláyíwọlá mú. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Ọkọ̀ náà kò tún kúrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lórí táyà ara rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wá láti Ọ̀mù-Àrán, wọ́n tú u ní wẹ́wẹ́ lọ. Ọláyíwọlá wọ mọ́tò Abdulrasaq padà sí Èkó.

Nígbà tí òjò ti múlẹ̀, tí koríko ti fẹ́ bo ebè mọ́lẹ̀, ó tún wá. Kì í ṣe ọdún, kì í ṣe ìnáwó. Ó sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé pẹ̀lú àpò kékeré kan tí ṣòkòtò oko rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wà lábẹ́ máńgòrò. Ó kí wọn, wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì ń wo ara wọn, torí kò síbi tí Bàbá Salaudeen fẹ́ ti ọwọ́ bọ̀ lára ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó kọjá.

Ó lo ọ̀sẹ̀ kan. Ó bá ìyá rẹ̀ ro oko iṣu, ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò, ó ń kérora lálẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kejì tó dé, Ràfátù yọjú láti ẹ̀yìn ilé, níbi tí Màmá Rúùtù ti ń bẹ iṣu.

"Ìyá Ọláyí, mo gbọ́ pé ọmọ dé. Kí ló gbé wá?"

Màmá Rúùtù kò dá ọ̀bẹ dúró.

"Ara rẹ̀ ló gbé wá," ó ní.